Àpò oúnjẹ adìyẹ mẹ́ta, gáànù kan: ṣé òótọ́ ni àbí àsọdùn?

Àlùmọ́gàjí:

Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ àwọn obìnrin oko Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ti ń tún ohun kan náà wí: àpò oúnjẹ adìyẹ mẹ́ta, gáànù àgbàlagbà kan. Mi ò gbà. Gáànù tí kò ní àrà kankan, tó ní bọ́tìnnì níwájú, apá péńpé àti kọ́là, ọ̀pọ̀ pátánù òde òní á béèrè yáàdì mẹ́rin ààbọ̀ nínú aṣọ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínṣì 36. Àpò oúnjẹ ẹran tó gba páùn 100, tí wọ́n bá tú u tán, ó tó ínṣì 36 sí 42, ìyẹn fífẹ̀ 36, gígùn 42, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibo ni ìyókù ti wá?

Èkejì: báwo ni wọ́n ṣe ń yọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ gàdàgbà sára àpò? Ẹni tó bá ti gbìyànjú àpò ìrẹsì wò mọ̀ pé lẹ́tà yẹn kì í lọ bọ̀rọ̀.

Ẹ fi ínṣì dá mi lóhùn o. Ìtàn ìyà àti ìfaradà ti pọ̀ tó.

---

Télọ̀ Ìsàlẹ̀ Ọjà:

Ínṣì 42 lọ́nà mẹ́ta, 126 nìyẹn. Ẹ fi 36 pín in, yáàdì mẹ́ta ààbọ̀. Pátánù ìgbà yẹn fún irú gáànù tí ẹ júwe, àyíká yáàdì mẹ́ta ààbọ̀ náà ló ń béèrè. Ti òde òní ló ń ná aṣọ bí ọmọ olówó, torí ẹni tó yà á mọ̀ pé aṣọ kún ọjà.

Ẹ jẹ́ ká gé e. Ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná fọ àwọn àpò náà kí wọ́n súnkì tán. Ẹ ká ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ínṣì 35 sí 40 lẹ́yìn ìyẹn. Àyà ẹni tí a ń rán an fún jẹ́ 36.

Àpò kìíní, síkẹ́ẹ̀tì iwájú: ẹ lo gbogbo fífẹ̀ 35, kí ẹ gé 29 nínú gígùn rẹ̀. Àpò kejì, síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, bákan náà. Nínú 29 yẹn, ínṣì 2 lọ sí ìṣẹ́tí, ààbọ̀ lọ sí ojú ìrán ìbàdí, 26 ààbọ̀ ló kù. Ó ń dé abẹ́ orúnkún díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ nígbà náà gan-an nìyẹn. Lára àpò kọ̀ọ̀kan ẹ ṣì ní ọ̀já aṣọ 11 sí 35. Ẹ gbé méjèèjì pamọ́.

Àpò kẹta, ẹ pín in sí ìpele méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní 18. Ìpele òkè: ẹ̀yìn bùláòsì 21, iwájú kan 12. Ó di 33, ínṣì 2 ṣẹ́kù. Ìpele ìsàlẹ̀: iwájú kejì 12, apá méjèèjì tí fífẹ̀ wọn jẹ́ 14 tí gíga wọn jẹ́ 9, ọ̀kan lórí èkejì, ó di 26. Ínṣì 9 sí 18 kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kọ́là nìyẹn. Nísàlẹ̀ àpò, ọ̀já tóóró 4 sí 35 kù, ẹ fi ṣe bẹ̀lítì. Àpò aṣọ ẹ̀gbẹ́ àti ìlẹ̀ ọrùn, ìyẹn aṣọ tí a fi ń tẹ́ inú ọrùn, ń jáde nínú 11 sí 35 tí ẹ fi pamọ́.

Ó parí. Kò sí àsọdùn ńbẹ̀.

---

Kéké Òwú:

Ìṣirò yín dúró, àmọ́ ẹ fo ohun tó ń ba gáànù náà jẹ́ fún ẹni tó ń rán an fún ìgbà àkọ́kọ́. Síkẹ́ẹ̀tì iwájú yín ò ní ojú ìrán láàárín, nítorí náà bọ́tìnnì á dúró síbi ìbàdí. Ìbàdí 28 kò lè gba ìdí 38 kọjá. Ẹni tó bá rán an pa pátápátá á rí i pé gáànù ti dára, ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ni kò lè wọlé.

Wọ́n máa ń fi ẹ̀gbẹ́ òsì sílẹ̀ láìrán: ínṣì 4 lókè ìbàdí, ínṣì 4 nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á lẹ aṣọ tóóró mọ́ inú àlàfo náà, wọ́n á kan ìkọ́ kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i. Sípù ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, irin ti lọ sójú ogun. Bọ́tìnnì ńkọ́? Wọn kì í rà á. Aṣọ tó bá ti gbó kọjá títún ṣe, bọ́tìnnì ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé kúrò lára rẹ̀ kí ìyókù tó di àkísà, wọ́n á kó wọn sínú agolo.

Nípa àpò ìrẹsì: èyí tó wà lọ́jà wa báyìí, rọ́bà ni wọ́n hun. Kò mu omi, kò mu aró, bí áyọ́ọ̀nù bá kàn án á yọ́. Àpò tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, òwú gidi ni. Ẹ má fi ìwà ọ̀kan ṣèdájọ́ èkejì.

---

Ìyá Onítẹ́ẹ́rú:

Ohun kan ṣoṣo tó pa àpò ìrẹsì òní àti àpò ayé ọjọ́sí pọ̀ ni ojú ìrán ẹnu rẹ̀, ìyẹn ìrán ẹlẹ́wọ̀n. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ọ̀bẹ la á. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ là á pàdánù ìdajì ínṣì aṣọ, ó sì pàdánù okùn.

Ẹ wo ojú ìrán náà dáadáa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ó dà bí ìrán lásán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì ó dà bí ẹ̀wọ̀n. Ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ tó dà bí ìrán lásán sí ara yín. Ẹ lọ sí ìparí rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ gé ìrù okùn tó yọ síta lẹ́bàá àpò, ẹ fi abẹ́rẹ́ tú ojú méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹ wá fà á. Á máa tú ṣàràràrà títí dé òpin láìjá. Bó bá lọ́ mọ́ra tó kọ̀, kì í ṣe pé okùn náà burú, ìparí tí kò tọ́ lẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yí àpò padà.

Okùn yẹn ni wọ́n ń ká mọ́ igi bíi bọ́ọ̀lù. Wọ́n fi ń di kúbùsù alábùlẹ̀, wọ́n fi ń hun aṣọ orí tábìlì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ oníkọ̀ọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá tú àpò tán, ihò abẹ́rẹ́ á tò lọ sí etí aṣọ. Omi gbígbóná ń pa díẹ̀ dé nínú wọn, kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí ihò wọ̀nyí bọ́ sínú ojú ìrán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa rí wọn láyà bùláòsì ní gbogbo ìgbà tí oòrùn bá tàn.

---

Ọmọ Aláró:

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Ẹ yà á sí mẹ́ta, torí àwọn tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ ń dà á pọ̀.

Bébà wà, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpò lásán, pàápàá lára àpò olódòdó. Ẹ rẹ ẹ́ sómi, á bọ́. Yíǹkì tí wọ́n dìídì ṣe kí ó lè fọ̀ wà pẹ̀lú, nígbà tí àwọn oníléeṣẹ́ ti mọ̀ pé obìnrin ló ń yan àpò. Ìyẹn ń lọ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi. Ìkẹta ni ògbólógbòó yíǹkì, òun ló ń fìyà jẹ èèyàn.

Fún ti ìkẹta, aṣọ gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pa orí lẹ́tà dáadáa, tàbí kí ẹ fi kẹrosíìnì rẹ ẹ́, ẹ ká a, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀rá tàbí kẹrosíìnì ló ń tú òróró inú yíǹkì. Ẹ wá fi ọṣẹ líle àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ gbo ó, kí ẹ tún un ṣe bí ó bá ṣì hàn. Lẹ́yìn ìyẹn nìkan ni ẹ lè fi ọṣẹ sè é, kí ẹ sì sá a sórí koríko nínú oòrùn. Koríko tútù àti oòrùn jọ ń bó o sí i.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ nìyí: ẹni tó bá lọ̀ ọ́ tàbí sè é kí ó tó fi ọ̀rá sí i ti di lẹ́tà náà mọ́ ọn pa. Ẹni tó bá fi ọ̀rá sí i tí kò fi ọṣẹ tó pọ̀ tó, á ní aṣọ funfun pẹ̀lú àbàwọ́n òróró tó rí bíi lẹ́tà náà gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá gbé kẹrosíìnì sún mọ́ iná ò ní rí aṣọ, kò sì ní rí ilé. Ìta gbangba ni, kí òórùn rẹ̀ sì lọ tán kí omi gbígbóná tó kàn án.

Ọṣẹ tí wọ́n ń lò náà, ilé ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń sè é: ọ̀rá ẹran pẹ̀lú omi eérú tàbí èyí tí wọ́n rà nínú agolo. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń se ọṣẹ dúdú ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

---

Àlùmọ́gàjí:

Mo gbà lórí ìgé. Mo ṣì ń jiyàn lórí «ìgbà ogun». Ohun tí mo máa ń kà ni pé ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn èèyàn ní kúpọ́ọ̀nù aṣọ, aṣọ tán, ni wọ́n bá ń wọ àpò. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

---

Kéké Òwú:

Rárá. Ìlú òyìnbó kan ni wọ́n gbé ti èkejì wọ̀. Ní Bírítéènì ni kúpọ́ọ̀nù aṣọ wà, láti oṣù kẹfà 1941 títí di oṣù kẹta 1949. Kúpọ́ọ̀nù 66 lọ́dún àkọ́kọ́, gáànù onírun àgùntàn sì ń jẹ 11 nínú rẹ̀, ti òwú ń jẹ 7. Ní Amẹ́ríkà, bàtà ni wọ́n fi kúpọ́ọ̀nù dè, láti oṣù kejì 1943. Aṣọ kò sí nínú rẹ̀.

Ohun tó wà ní Amẹ́ríkà ni òfin L-85, tí àjọ tó ń ṣètò ohun èlò ogun gbé jáde ní oṣù kẹrin 1942. Àwọn tó ń rán aṣọ obìnrin tà ló dè: ìṣẹ́tí kò gbọdọ̀ ju ínṣì 2 lọ, síkẹ́ẹ̀tì ní ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ fẹ̀ kọjá. Wọ́n yọ aṣọ ìyàwó, aṣọ aboyún àti ti ọmọ ọwọ́ sílẹ̀.

---

Télọ̀ Ìsàlẹ̀ Ọjà:

Òfin yẹn gan-an ló fà á tí ìṣẹ́tí fi jẹ́ 2 nínú ìgé tí mo kọ sókè.

---

Ìyá Onítẹ́ẹ́rú:

Mi ò bá yín gbà á, Télọ̀. Òfin ò wọlé tọ obìnrin tó ń rán tirẹ̀ nílé wá. Ìṣẹ́tí jẹ́ 2 torí àpò tán síbẹ̀. Ẹ wo aṣọ ọmọdébìnrin tí wọ́n rán láti inú àpò kan ṣoṣo: ìṣẹ́tí rẹ̀ lè tó 4, nígbà mìíràn wọ́n tún máa ń ká ìlà méjì sára síkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè tú u bí ọmọ ṣe ń ga. Tó bá jẹ́ òfin ni wọ́n ń tẹ̀ lé, wọn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí wà lára aṣọ náà, ẹ wo ibi tí wọ́n ti tú u. Ìlà tó dúdú díẹ̀ ju ìyókù á wà níbi tí ìṣẹ́tí ti ká tẹ́lẹ̀, torí oòrùn àti ọṣẹ ò dé inú rẹ̀. Wọ́n máa ń fi léèsì tàbí ọ̀já aláwọ̀ bo ìlà yẹn, a ó sì rò pé ọ̀ṣọ́ ni.

---

Télọ̀ Ìsàlẹ̀ Ọjà:

Ó dáa, mo gbà fún yín lórí ti ọmọdé. Lórí ti àgbàlagbà, ẹ̀dà pátánù tí wọ́n ń lò ti tẹ̀ lé àṣà tóóró ìgbà náà, èèyàn kì í sì í dá àṣà tiẹ̀ dá nígbà tí pátánù wà lọ́wọ́.

---

Ọmọ Aláró:

Ẹ ti fi ìdí tí ogun fi kan àpò sílẹ̀. Àpò oúnjẹ ẹran kì í ṣe òwú ní gbogbo ìgbà. Ọ̀pọ̀ jẹ́ àpò onídọ̀họ, okùn júùtù tó ń ti Íńdíà wá. Nígbà tí ogun dí ojú òkun, júùtù ṣọ̀wọ́n, òwú gba ipò rẹ̀, àpò tó ṣeé rán sì pọ̀ sí i lóko. Nítorí náà ogun tó mú aṣọ wọ́n ló mú àpò olówùú pọ̀.

Ṣùgbọ́n àpò aláràbarà ti wà ṣáájú ogun. Ní 1924 ni Asa T. Bales béèrè fún ẹ̀tọ́ ìjọba lórí àpò tí a fi aṣọ tó ṣeé rán ṣe, tí ilé-iṣẹ́ ìlọyẹ̀fun George P. Plant ní St. Louis sì lò ó fún ìyẹ̀fun wọn, Gingham Girl. Ó sì pẹ́ lẹ́yìn ogun kí bébà tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àpò aṣọ. Gáànù àpò tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù Smithsonian, èyí tí Dorothy Overall ti Caldwell ní Kansas rán, ọdún 1959 ló rán an fún ìdíje. Ẹni tó bá pè é ní aṣọ ogun ti gé e kúrú níwájú àti lẹ́yìn.

---

Ìyá Onítẹ́ẹ́rú:

Ẹ jẹ́ n bínú díẹ̀. Kí ló dé tí à ń fi ínṣì wọn àpò ará Kansas nígbà tí kíjìpá wà nílé? Àwọn obìnrin wa ń gbọn òwú, wọ́n ń ran án lórí kéké, wọ́n ń hun ún lórí òfì ìdúró nínú ilé ara wọn. Ìyẹn ni aṣọ àdáṣe. Àwọn ti Amẹ́ríkà ń tú ohun tí ilé-iṣẹ́ ti hun.

---

Kéké Òwú:

Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá. Síbẹ̀ ẹ wo ibi tí méjèèjì ti yàtọ̀ nínú ìgé, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà fún télọ̀. Kíjìpá kì í ní ìgékù. Obìnrin á hun ìlẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, á fi ọwọ́ so etí wọn pọ̀, á ró o. Gbogbo aṣọ tó hun ló wà lára rẹ̀, kò sí ibi tí sísọ́ọ̀sì ti bà á. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ran òwú mọ iye ọjọ́ tó wà nínú ìgékù kan.

Gáànù òyìnbó ní ihò ọrùn, ihò apá, èjìká tó dà. Kò sí bí wọ́n ṣe lè gé e kí nǹkan má ṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí kúbùsù alábùlẹ̀ fi tẹ̀ lé gáànù àpò bí òjìji. Ọ̀já 11 sí 35 tí Télọ̀ ní ká fi pamọ́, ibẹ̀ ló ń lọ bí kò bá di àpò aṣọ tàbí ìlẹ̀ ọrùn. Ní Gee's Bend ní Alabama, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń ṣe kúbùsù tí òkìkí rẹ̀ kàn, aṣọ iṣẹ́ oko tó ti gbó ni wọ́n gé sí i: orúnkún ṣòkòtò tó ti ṣá, ẹ̀yìn àpò ṣòkòtò tó ṣì dúdú. Àwọ̀ méjèèjì yẹn lára aṣọ kan náà ni wọ́n fi ń dárà.

---

Ọmọ Aláró:

Nígbà tí ẹ ti dárúkọ aró: ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ kọ̀ láti lọ, kó pa á láró dúdú. Aró fẹ́ẹ́rẹ́ ò ṣe é, lẹ́tà á máa yọjú nínú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn wà lẹ́yìn aṣọ fèrèsé. Èèpo wálínọ́ọ̀tì dúdú ń fún wọn ní àwọ̀ ilẹ̀ tó lágbára, kò sì nílò ohun tó ń dè é. Èèpo àlùbọ́sà dára lójú, ṣùgbọ́n ó ń ṣá.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ìmọ̀ràn pé kí wọ́n rẹ àpò olódòdó sínú omi iyọ̀ tàbí fínígà kí àwọ̀ má bàa ṣí. Àwọn obìnrin ìgbà náà ń ṣe é lóòótọ́. Iyọ̀ wúlò nígbà tí aṣọ ṣì wà nínú ìkòkò aró, ó ń ti aró wọ inú òwú. Tí ilé-iṣẹ́ bá ti tẹ àwọ̀ sí i tó ti gbẹ, iyọ̀ ò ní iṣẹ́ kankan mọ́. Fínígà ò sì ṣe nǹkan fún òwú rárá, irun àgùntàn ló ń bá a ṣọ̀rẹ́. Ohun tó ń ran àpò lọ́wọ́ ni kí ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, kí ẹ sì sá a síbòji.

---

Àlùmọ́gàjí:

Ẹnìkan sọ níbòmíràn pé páńtì náà, àpò ni. Aṣọ tó le tó bẹ́ẹ̀?

---

Ìyá Onítẹ́ẹ́rú:

Àpò ò dọ́gba. Àpò ṣúgà ló fẹ́lẹ́ jù, òun ni wọ́n fi ń ṣe aṣọ ọmọ ọwọ́, ìlédìí àti aṣọ abẹ́. Ti ìyẹ̀fun tẹ̀ lé e. Ti oúnjẹ ẹran ló nípọn, òun ló ń di gáànù, táwẹ̀lì àti aṣọ ibùsùn. Aṣọ ibùsùn kan gba àpò mẹ́rin: méjì ní ìbú, méjì ní òró, 72 sí 84 kí ẹ tó yọ ojú ìrán. Ojú ìrán àárín gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ ká lé ara tí ẹ sì rán mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó fẹ̀yìn sùn lórí okùn.

Ohun tó ni wọ́n lára níbi aṣọ abẹ́ ni rọ́bà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1942 ni Jàpáànù gba Màláyà, rọ́bà sì dàwátì. Páńtì tó ti ń lo rọ́bà padà sí bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí okùn tí wọ́n fà gba inú ìbàdí, bíi ti ṣòkòtò àwọn baba wa. Bọ́tìnnì ló ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù. Okùn tí wọ́n sáré dì lè tú níbi tí kò yẹ.

---

Télọ̀ Ìsàlẹ̀ Ọjà:

Fún ẹni tó fẹ́ rán an báyìí, nǹkan díẹ̀ nípa máṣíìnì. Ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò, torí ní àyíká ọdún 1935, nínú oko mẹ́wàá ní Amẹ́ríkà, bóyá ọ̀kan ló ní iná mànàmáná. Ẹlẹ́sẹ̀ dára fún àpò, ó ń gún aṣọ níkọ̀ọ̀kan láìkánjú. Abẹ́rẹ́ oní-nọ́ńbà 14 ni kí ẹ lò. 11 á kán níbi tí kọ́là ti pàdé èjìká, torí aṣọ ti di ìpele mẹ́rin tàbí márùn-ún níbẹ̀. Ojú ìrán 10 sí 12 nínú ínṣì kan. Bí ojú ìrán bá fẹ̀ jù, aṣọ tí fọ́nrán rẹ̀ jìnnà síra báyìí á sá jáde nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó gé e, ẹ mú un tọ́. Àpò tó ti gbé oúnjẹ páùn 100 ti fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ fà á ní kọ̀rọ̀ sí kọ̀rọ̀ nígbà tó ṣì tutù títí igun rẹ̀ á fi dọ́gba, ẹ fi sítáàṣì fẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ẹ lọ̀ ọ́. Sítáàṣì ń jẹ́ kó dúró bíi bébà lábẹ́ sísọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá fo èyí, síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á yí síwájú lẹ́yìn ìfọ̀ kejì, ojú ìrán ẹ̀gbẹ́ á sì bọ́ sórí orúnkún.

Ẹ ra tẹ́ẹ́rú tàbí òwú olódòdó kéékèèké, kí ẹ sì gé e sí ègé mẹ́ta, 36 sí 42, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹni tó bá gé gáànù náà lára yáàdì mẹ́ta ààbọ̀ tó gùn gbọọrọ ò tíì dán ọ̀rọ̀ àpò wò.

---

Kéké Òwú:

Ìgé ti yé gbogbo wa. Ibi tó le ni kí àpò mẹ́ta jọra.

Adìyẹ kan tó ń yé ń jẹ bí ìdá mẹ́rin páùn lóòjọ́. Adìyẹ 40, páùn 10. Àpò kan ń tán lọ́jọ́ mẹ́wàá, mẹ́ta lóṣù kan, bó bá jẹ́ pé rírà ni gbogbo oúnjẹ wọn. Adìyẹ tó ń jẹ̀ kiri nínú oko á fà á gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín oṣù yẹn, ọlọ́jà lè ti gba ẹrù mìíràn tí òdòdó rẹ̀ yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí obìnrin fi ń gé ègé aṣọ kékeré fún ọkọ rẹ̀ bó bá ń lọ sọ́jà: èyí ni kí o mú wá. Àpò tó jọ ọ́ á sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ àpò páùn 100 bíi mẹ́jọ, kí ọlọ́jà tó máa gbé wọn kúrò.

Nígbà tí kò bá sí ìkẹta, pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú aládùúgbò ló kù, tàbí kí wọ́n fi méjì rán an. Méjì di síkẹ́ẹ̀tì àti iwájú bùláòsì, àpò ìyẹ̀fun funfun di kọ́là, apá àti ẹ̀yìn èjìká. Kọ́là funfun lórí gáànù olódòdó tí a rí nínú àwòrán ìgbà yẹn, ẹ má yára pè é ní àṣà. Ẹ ka àpò náà wò.

---

Télọ̀ Ìsàlẹ̀ Ọjà:

Ẹ dúró. Àpò méjì ò lè mú iwájú bùláòsì jáde lẹ́yìn síkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀já 11 ló kù, iwájú sì ga ní 18.

---

Kéké Òwú:

Ẹ gé e ní èjìká. Apá òkè iwájú, ínṣì 7 àti ojú ìrán rẹ̀, di funfun pẹ̀lú. Ọ̀já 11 á wá gbé ìyókù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

---

Télọ̀ Ìsàlẹ̀ Ọjà:

Ínṣì 11 pẹ̀lú 8, yọ ojú ìrán kan, 18. Ó bọ́ sí i. Mo kúrò lórí ìyẹn.

---

Àlùmọ́gàjí:

Mo ti yà á sórí bébà, àyà 36 bọ́ sínú àpò mẹ́ta. Àyà 42 ńkọ́? Àti apá gígùn?

---

Télọ̀ Ìsàlẹ̀ Ọjà:

Ìpele òkè ló ń pinnu: ẹ̀yìn àti iwájú kan kò gbọdọ̀ ju 35 lọ. Ẹ fi 4 kún àyà, ìdajì rẹ̀ pẹ̀lú ínṣì 1 ni ẹ̀yìn, ìdá mẹ́rin rẹ̀ pẹ̀lú ínṣì kan ààbọ̀ ni iwájú. Àyà 39 ń fún yín ní 22 ààbọ̀ àti 12 pẹ̀lú ìdá mẹ́rin, ó kù díẹ̀ kí ó di 35. Kọ́là á kúrò ní ìpele ìsàlẹ̀ lọ sí ọ̀já 11, àmọ́ ó wọlé. Àyà 42 jẹ́ 24 àti 13, ó ti di 37. Kò wọlé. Apá gígùn náà kò wọlé, torí fífẹ̀ 14 kò lè jáde nínú ọ̀já 11 àyàfi bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, àpò mẹ́rin fún àwọn méjèèjì. Àpò kẹrin yẹn, ọjọ́ mẹ́wàá adìyẹ 40 ni.